Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Phebe Ọlájùmọ̀kẹ́ Oyèbọ̀dé, Ẹni Tó Ń Ya Oògùn Ọ̀tún Kúrò Lára Oògùn Òsì

Ní agbo ilé Adéjọbí, àdúgbò Ìsọ̀kun ní Iléṣà, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1966, ni wọ́n bí ẹni tí gbogbo wa pé jọ nítorí rẹ̀ lónìí. Bàbá rẹ̀ ni Olóògbé Josiah Adéjọbí, aránbàtà, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti inú wá. Ìyá rẹ̀ ni Olóògbé Deborah Àpìkẹ́ Adéjọbí, tó ń ta iyọ̀ ní Èrèjà. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé igbe tó ké nígbà tó dé ayé lágbára débi pé àwọn ará Òṣogbo ń bi ara wọn léèrè ẹni tí wọ́n ń lù ní Iléṣà. Títí di àárọ̀ yìí, kò sí ẹnì kan nínú ilé tó tíì gbà gbọ́ pé ó ti kú. Ẹni tó jẹ búrẹ́dì àárọ̀ tán, tó fọ kọ́ọ̀bù rẹ̀, tó dojú kọ́ọ̀bù náà délẹ̀ sórí tábìlì kó lè gbẹ, tó ní òun ń bọ̀!

Inú òkìtì bàtà ló ti rákòrò. Ó kéré tán, igba bàtà ló máa ń wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ọ̀tún àti òsì ní ìdàrúdàpọ̀, iṣẹ́ Phebe kékeré sì ni láti wá ẹnìkejì ìkọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé bí wọ́n bá fi aṣọ dì í lójú, tí wọ́n tún pa fìtílà, tí wọ́n tún ti ilẹ̀kùn, á ṣì so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì kí ẹ tó rẹ́rìn-ín tán. Lọ́dún 1972, nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá ìjọ kan ń rìn lọ síwájú pẹpẹ láti ka Bíbélì. Phebe dìde lórí bẹ́ǹṣì ó sì pariwo pé, "Bàbá, ẹsẹ̀ òsì méjì lẹ wọ̀!" Ìjọ wolẹ̀, ìjọ rí i. Wọn ò ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́jọ́ náà torí ẹ̀rín. Bàbá rẹ̀ nà án nígbà tí wọ́n délé, lẹ́yìn náà ó ra bisikíìtì fún un.

Ó ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà láti ọdún 1972 sí 1978, ó sì parí ilé-ẹ̀kọ́ gírámà níbẹ̀ lọ́dún 1983. Kẹ́mísírì ni ìwé tó fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1985 ó wọ ilé-ìwé gíga gbogboǹṣe ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ó sì jáde lọ́dún 1990. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní agbo ilé Adéjọbí tó wọ aṣọ funfun gígùn láìjẹ́ pé ọjọ́ ìrìbọmi ni.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1992 ló fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Gabriel Oyèbọ̀dé, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ọmọ Òṣogbo. Tọkọtaya yìí ò jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ọdún méjìlélógún. Ìjà ọ̀hún sì dá lórí ẹ̀wà tí ọkọ rẹ̀ fi òkúta mẹ́ta sílẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tó ń ṣà á. Wọ́n kó lọ sí ilé ara wọn ní Ọ̀fàtẹ̀dó lọ́dún 2008, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó àti òkìtì yanrìn, tí ọlọ́kadà máa ń bèèrè pé, "Ṣé ó dá yín lójú pé ilé wà níwájú?" Ọlọ́run pe Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ̀dé lọ́dún 2014. Màmá kò fẹ́ ẹlòmíràn.

Nínú ìjọ, ohùn kejì ló ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì fi í jẹ Ìyá Ẹgbẹ́ Akọrin lọ́dún 2011. Bó bá sì di ọjọ́ Sátidé, àwọn ará Ọ̀fàtẹ̀dó á tò sẹ́nu géètì rẹ̀ pẹ̀lú àpò ọ̀rá tí oògùn àjẹkù kún inú rẹ̀. Á ṣí i, á wò ó. "Èyí ti kú. Èyí ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ta ló ta èyí fún yín? Bàbá Jimoh, ẹ ti ń gbé mọ́ṣúárì káàkiri ilé!" Ẹni tó bá fẹ́ bínú á rántí pé kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun.

Iṣẹ́ gan-an tó ń ṣe, ó yẹ kí ẹbí jẹ́wọ́ pé púpọ̀ nínú wa kò mọ bó ṣe rí títí ó fi kú. A rò pé ó kàn ń ka kóró oògùn ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Munawwarah, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, jókòó tì wá nínú pálọ̀ fún odidi ọjọ́ kan tó sì là wá lọ́yẹ̀, ẹnu sì yà wá débi pé a gbàgbé láti fún un ní omi.

Ẹ wo ọwọ́ yín méjèèjì. Ìka márùn-ún rèé, ìka márùn-ún rèé. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú dígí, ọwọ́ òsì lẹ máa rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fi ìbọ̀wọ́ ọ̀tún wọ ọwọ́ òsì, ẹ máa rí ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn kan ṣe rí nínú ara wọn lọ́hùn-ún, níbi tó kéré débi pé ojú èèyàn kò lè débẹ̀ láéláé. Ọ̀tún wà, òsì wà. Ìwọ̀n wọn dọ́gba. Àwọ̀ wọn dọ́gba. Ìgbà kan náà ni wọ́n máa ń yọ́ lórí iná. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dénú ara èèyàn, ara á mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Oògùn ikọ́ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀tún rẹ̀ á pa ikọ́, ọmọ á sì máa ṣeré lọ. Òsì rẹ̀ á mú ọmọ náà sùn, èémí rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè má jí mọ́.

Iṣẹ́ Màmá ni láti ya àwọn méjèèjì kúrò lára ara wọn kó sì wọn iye tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́. Láti ọdún 2001 ló ti wà ní yàrá àyẹ̀wò aládàáni kan ní Òṣogbo. Lọ́dún 2013 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìyàsọ́tọ̀ náà fún un. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú ẹ̀rọ náà, kò gùn ju apá ọmọ ọwọ́ lọ, ìyẹ̀fun kan ló sì kún inú rẹ̀ tó kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí èlùbọ́ á dà bí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹ̀fun ọ̀hún náà ní ọwọ́. Bí wọ́n bá ti omi oògùn gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá bá ti ìyẹ̀fun mu á dúró bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á kí i, á bi í nípa àwọn ará ilé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá bá a mu á tètè jáde. Bí ìkọ̀ọ̀kan bá ṣe ń jáde ni kọ̀ǹpútà á máa ya òkè fún un, bí òkè bá sì ṣe tóbi tó ni oògùn náà ṣe pọ̀ tó. Munawwarah ní bí wọ́n bá da ṣíbí òsì kan ṣoṣo mọ́ odindi ọkọ̀ táńkà ọ̀tún, Màmá á rí i, á sì bínú sí ṣíbí náà.

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sọ àwọn òkè méjèèjì lórúkọ. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, Táyé. Èyí tó tẹ̀lé e, Kẹ́hìndé. Bí a ṣe ń sọ ìbejì lórúkọ nìyẹn nínú gbogbo ilé Yorùbá, bí wọ́n bá ṣe dé ni, a kì í wo ojú wọn ká tó sọ ọ́. Lórí ọ̀pá tó wà nínú ẹ̀rọ nígbà náà, ọ̀tún, èyí tó ń wo ikọ́, ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Nítorí náà Màmá kọ ọ́ gàdàgbà sára ìwé, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ: TÁYÉ DÁRA, KẸ́HÌNDÉ LÉWU. Ọ̀gbẹ́ni kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé fẹjọ́ sùn ní ìgbà mẹ́rin, kò sì jókòó nítòsí ẹ̀rọ náà mọ́. Gbogbo yàrá àyẹ̀wò gba orúkọ náà. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, oògùn ikọ́ kan kò sì ṣi wọ́n lọ́wọ́ rí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, 2025, ọ̀pá àtijọ́ dí pátápátá. Òmíràn dé láti òkè òkun, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kì í ṣe irú ti àkọ́kọ́. Ohun tó tọ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojúlówó ọ̀tún nìkan dán ọ̀pá tuntun wò kí wọ́n lè mọ ibi tó ti máa jáde. Ojúlówó ọ̀hún ti tán láti oṣù kẹsàn-án, òmíràn tí wọ́n sì fi ìwé bèèrè fún wà ní èbúté lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, wọn ò tíì jẹ́ kó wọlé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé oògùn kan ní Iléṣà gbé omi oògùn ikọ́ wá fún àyẹ̀wò. Ìdílé Sànúsí ní Òṣogbo ló ń ṣe oògùn náà. Aláró ni bàbá ńlá wọn, bàbá wọn ṣe ọṣẹ, Alhaji Jibril Sànúsí sì ló wá sọ ibẹ̀ di ilé-iṣẹ́ oògùn. Òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógójì ló ń jẹun níbẹ̀.

Ọjọ́ Tuesday, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, ni Màmá ti oògùn náà gba inú ọ̀pá tuntun kọjá. Táyé jáde, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kẹ́hìndé wá jáde, ó sì ń ga, ó ń ga, ó fẹ́ẹ̀ lu orí kọ̀ǹpútà jáde kó gba òrùlé lọ. Màmá pariwo débi pé bí àwọn ọ̀bọ Igbó Ọ̀ṣun bá sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní láti jí wọn.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Munawwarah, òsì ni gbogbo rẹ̀!"

Munawwarah ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká dúró de ojúlówó yẹn. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, àwọn ọmọ tó ti mu ún ńkọ́? A ò tíì gbọ́ pé ẹnì kankan kú."

Màmá wò ó. "Ṣé o fẹ́ kí n dúró kí n máa kà wọ́n ni?"

Ó tún un ṣe nígbà mẹ́fà. Ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Kẹ́hìndé ló ga. Ó buwọ́ lu ìwé. Kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, rédíò ti gbé e: kí ẹnikẹ́ni má mu omi oògùn ikọ́ Sànúsí, apànìyàn ni. Wọ́n dárúkọ Màmá pé òun ló yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlú gbọ̀n. Ní Iléṣà, wọ́n da oògùn náà sínú gọ́tà tó bẹ́ẹ̀ tí eku Èrèjà kankan kò húkọ́ títí di ọdún Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín ní ilé Sànúsí. Àwọn ilé oògùn dá gbogbo páálí padà, páálí kún ọgbà títí géètì kò fi ṣeé tì mọ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń kọjá, wọ́n ń fi "apànìyàn" kọrin. Nígbà tó fi di ìparí oṣù kejìlá, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógójì ti wà nílé.

Ojúlówó ọ̀tún dé ní ọjọ́ ogún oṣù kìíní ọdún yìí. Munawwarah ló sọ pé kí àwọn kàn fi dán ọ̀pá náà wò, kó lè wà nínú àkọsílẹ̀. Òkè kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà yà, nítorí ọ̀tún nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àyè Kẹ́hìndé ló jókòó sí.

Màmá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Tún un ṣe."

Munawwarah tún un ṣe. Àyè Kẹ́hìndé. Ìyẹ̀fun tuntun náà, ọ̀tún ló ń bọ̀ lọ́wọ́ pẹ́, nítorí náà òsì ló ń kọ́kọ́ jáde. Àwọn ìbejì ti pààrọ̀ àyè, orúkọ sì wà níbi tó wà, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni Táyé. Oògùn Sànúsí tí wọ́n ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ májèlé, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ oògùn. Kò sí ohun kan tó ṣe é rí.

Màmá jókòó sílẹ̀, kì í ṣe lórí àga, ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Munawwarah rò pé ó dákú ni, ó ń pariwo, "Ẹ gbà mí o!" Màmá ní, "Dákẹ́. Mo ti pa ilé onílé."

Ọjọ́ kejì ló wọlé tọ ọ̀gá àgbà wọn lọ. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ títí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ta ló mọ̀ nípa èyí?"

"Èmi, Munawwarah, ẹ̀yin náà báyìí."

"Ó dáa. A máa fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn tó bá yá, pé a tún un yẹ̀ wò, ó ti dára. A ò ní sọ̀rọ̀ àṣìṣe. Ẹ ronú nípa orúkọ ilé-iṣẹ́ yìí."

"Ọ̀gá mi, tó bá yá kọ́. Orúkọ tèmi ni rédíò dá, orúkọ tèmi náà ni wọ́n máa dá."

Kò sọ nǹkan kan fún wa nílé. Àkọ́bí rẹ̀, Ìléríolúwa, nìkan ló mọ̀. Òun ni wọ́n jọ gun ọ̀kadà láti Ọ̀fàtẹ̀dó lọ sí ilé Sànúsí ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní. Màmá, ẹni tó lè pa gbogbo ẹgbẹ́ akọrin lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú ojú kan, kúnlẹ̀ sórí ẹní pálọ̀ wọn kí wọ́n tó ní kó jókòó. Ìyá Alhaji, Alhaja Rùkáyà, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé ìwọ ni rédíò dárúkọ?"

"Èmi ni, mà. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ yín, mi ò sì mọ̀ pé irọ́ ni."

Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ọ̀pá, òkè, ìbejì tó pààrọ̀ àyè. Alhaji Jibril gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ dìde, Màmá. Mi ò lè máa wo àgbàlagbà lórí ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o. Ìgboro lẹ ti sọ ọ́. Bí ẹ bá kó ọ̀rọ̀ yín jẹ nínú pálọ̀ mi níbí, èmi nìkan ló gbọ́, èmi sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò pa ẹnikẹ́ni."

"Ìgboro ni mo ti máa kó o jẹ. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́?"

"Ṣáájú ààwẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ mi lè rí nǹkan fi ṣínu."

Wọ́n fi í sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, lẹ́yìn ìrun, níwájú géètì ilé-iṣẹ́ wọn, kí àwọn oníròyìn sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Alhaja Rùkáyà di Màmá lọ́wọ́ mú ní ẹnu ọ̀nà. "Nígbà tí wọ́n ń kọrin fún ọmọ mi, gbogbo yín ni mo gégùn-ún fún. Mo ti yọ orúkọ tìẹ kúrò. Jẹ́ kí n rí ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún oògùn náà yẹ̀ wò lójú ẹlẹ́rìí méjì. Ó kọ ohun tó máa kà lọ́jọ́ Jímọ̀ sínú ìwé, ó fi í han ọ̀gá àgbà, ó sì tì í bọ báàgì rẹ̀. Ó fa ìwé Táyé àti Kẹ́hìndé ya kúrò lára ẹ̀rọ, ó sì kọ Ọ̀TÚN àti ÒSÌ sí àyè tó tọ́ sí wọn. Nílé, ó lọ aṣọ àlàárì rẹ̀, ó fi kọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá, ó ní aṣọ ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Tuesday, ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, ọjọ́ mẹ́ta péré kó tó di Jímọ̀ ọ̀hún, aago mọ́kànlá àárọ̀. Ó dìde lórí àga láti lọ mú ìwé tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde. Kò dé ibẹ̀. Munawwarah rò pé gíláàsì rẹ̀ ló jábọ́ tó ń wá. Kí ọkọ̀ tó gbé e dé ọsibítù, ó ti parí. Dókítà ní ọkàn ló dáwọ́ dúró. Ọkàn wo? Ọkàn tó bá ọlọ́kadà gbé ọ̀kadà rẹ̀ kúrò nínú kòtò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú? Ọkàn tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀fàtẹ̀dó dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí epo wọ́n, tó sì tún kọrin? Ẹni ọgọ́ta ọdún ó dín oṣù kan, orí kò fọ́ ọ rí! Ẹbí ṣì ń wojú ara wọn.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin ikú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá kí wa pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n gbàdúrà gidi. Lẹ́yìn àmín, ó pe Ìléríolúwa sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ìwé kan wà nínú báàgì Màmá. Ti ilé-iṣẹ́ ni. Bá mi mú un wá."

"Sà, ọwọ́ Màmá fúnra rẹ̀ ló fi kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Olóògbé ti sinmi. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi pẹ̀lú rẹ̀."

Ìléríolúwa kò mú un wá. Ìpàdé ẹbí tó tẹ̀lé e, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Wọ́n gbọ́ ohùn wa ní Iléṣà láìlo fóònù. Ẹ̀gbọ́n bàbá Ìléríolúwa kan nà dìde pé, "Nínú ìwé ìsìnkú lẹ ti fẹ́ kọ ọ́ pé òkú ṣàṣìṣe? Ta ló ṣe irú rẹ̀ rí? Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí pósí ni?" Àwọn kan kan sárá sí i. Ìléríolúwa tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí aṣọ àlàárì náà ṣì kọ́ sí. "Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ó ti lọ aṣọ tó fẹ́ fi sọ ọ́." Ẹ̀gbọ́n bàbá wo aṣọ náà. Ó jókòó. Aṣọ náà ló wà lọ́rùn Màmá lónìí.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni àbúrò mẹ́ta, gbogbo wọn ní Iléṣà. Ọmọ mẹ́ta, Ìléríolúwa, Wisdom àti Tóbilọ́ba. Ọkọ Ìléríolúwa àti ìyàwó Wisdom. Ọmọ ọmọ méjì, Òkìkí àti Ọlájùmọ̀kẹ́ kékeré. Munawwarah, tí ẹbí ti gbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ kẹrin. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin, àti gbogbo ará Ọ̀fàtẹ̀dó tí kò mọ ẹni tó máa wo àpò oògùn wọn lọ́jọ́ Sátidé mọ́.

Èyí ni ohun tó kọ sínú ìwé tó wà nínú báàgì rẹ̀, a kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un:

"Èmi, Phebe Ọlájùmọ̀kẹ́ Oyèbọ̀dé, ni mo yẹ omi oògùn ikọ́ ilé Sànúsí wò ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí mo ní májèlé ni. Kì í ṣe májèlé. Oògùn rere ni, ó sì pé. Mo pààrọ̀ ọ̀pá ẹ̀rọ mi láì kọ́kọ́ dán an wò, mo sì fi òkè kan pe òkè kejì. Àṣìṣe mi ni. Kì í ṣe ti Alhaji Jibril Sànúsí, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ rẹ̀ kankan, kì í ṣe ti Munawwarah, tó ní kí n dúró. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní gbangba, bó ṣe jẹ́ pé ní gbangba ni mo ti ṣẹ̀ wọ́n."

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, ẹni tó bá mú ìwé yìí lọ́wọ́, kó má fi í bo orí nítorí oòrùn, kó má fi í fẹ́ ara. Kó mú un délé, kó kà á fún ará ilé àti aládùúgbò, kó kà á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kó kà á létí gbogbo ọmọ tó bá kọ orin yẹn. Ẹ̀yin èèyàn wa Mùsùlùmí tí ẹ wà nínú ààwẹ̀ tí ẹ ṣì wá bá wa sin ín, ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìrójú. Alhaji Jibril Sànúsí, níbikíbi tí ẹ bá jókòó sí nínú ilé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró, ẹ̀yin àti àwọn òṣìṣẹ́ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì, kí gbogbo ayé rí yín.

Màmá, a ti sọ ọ́. Ní gbangba ni. Sùn re, ọmọ Adéjọbí, kí ilẹ̀ Òṣogbo rọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kí Olúwa rẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà ọ́.